Ìjókòó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjọkẹ́

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ibi tí mo yà sí tí wọn kì í bi mí pé, "Màmá, báwo ni ìlú òyìnbó ti rí?" Bí mo bá lọ ra ata ní ìdíkọ̀ Fájuyì, ìbéèrè náà nìyẹn. Bí mo jáde ní ilé Ọlọ́run lẹ́yìn Máàsì, òun náà ni. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n máa sọ̀rọ̀ òtútù àti ilé gogoro. Mo rí òtútù, ó mú mi dé egungun. Mo rí ilé gogoro, wọ́n ga. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrìn-àjò mi ti rí lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ìjókòó kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé kúrò ní Adó

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé mi sì wà ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Fúnmi ni ọmọ mi àkọ́bí. Nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí òun àti Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Àjọkẹ́ ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọ kì í ṣe ti ẹni tó bí i nìkan.

Àjọkẹ́ dàgbà lẹ́yìn mi. Èmi ló ń pè ní Màmá. Àbúrò Fúnmi tó kéré jù ṣì wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó sì máa ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àǹtí Fúnmi lórí fóònù. Bí ọmọ ti gbọ́ ọ ni òun náà ṣe ń pè é. Bí ìyá tó bí i ṣe di Àǹtí Fúnmi nìyẹn, ẹni tó ń gbé inú fóònù, tó ń fi bàtà ránṣẹ́. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín rín. Fúnmi náà máa ń rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu.

Ìgbà tí ìwé ìrìnnà ọmọ wá jáde, èmi ni wọ́n ní kí n mú un wá, kí n lo ìsinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí n sì padà sílé. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ di dandan, Fúnmi bẹ̀ mí lórí fóònù.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kí ẹ tó dé. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo bí i, àti pé ọ̀dọ̀ wa ló máa dúró sí. Mi ò fẹ́ kó bá mi bí ẹni bá àlejò."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré, tíṣà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ọmọdé sọ̀rọ̀ kò ní lè sọ ọ́? Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a lọ, àwọn ará ìjọ kún ilé, wọ́n wá gbàdúrà fún wa. Ní ọ̀nà Èkó, Àjọkẹ́ ń jẹ àgbàdo sísè, lẹ́yìn náà ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀. Mo bá sọ fún ara mi pé ibi tó dára jù ni inú bàálù: àwa méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kò sí ibi tí ọmọ lè sá lọ, èmi náà kò sì ní ibi tí mo lè sá gbà.

"Ọmọ mi ni"

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ awò ojú ló gba ìwé wa ní pápákọ̀ òfurufú. Ó wo ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, wọ́n ti pààrọ̀ ọkọ̀ o. Èyí tó yẹ kó gbé yín kò ṣeé lò lónìí. Èyí tí wọ́n gbé wá kéré sí i, ìjókòó inú rẹ̀ kò sì tò bíi ti àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà ló tún gbogbo èrò pín."

"Ibo ló wá pín wa sí?"

"Ẹ̀yin wà lẹ́yìn pátápátá. Ọmọ wà láàárín ọkọ̀."

Ó ti pẹ́ tí Fúnmi ti bá wa mú ìjókòó méjì tó so pọ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Mo bi ọ̀dọ́bìnrin náà bí ọmọ ọdún márùn-ún yóò ṣe dá jókòó láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

"Orúkọ yín àti ti ọmọ kò jọra ni, mà. Bóyá ẹ̀rọ rò pé ẹ kò bára yín tan ni. Àmọ́ ó ku ìjókòó méjì-méjì díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ bí i?"

Mo wojú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Bí wọ́n bá bi ẹnikẹ́ni nínú yín ní irú ìbéèrè yẹn, lójú ọmọ tí ẹ ti pọ̀n, tí ẹ ti wẹ̀, tí ẹ ti fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ fún, kí ni ẹ máa sọ?

"Ọmọ mi ni mo wí fún ọ. Àjọkẹ́, ta ni mí?"

"Màmá mi," ni Àjọkẹ́ dáhùn kíá.

Ohun tó kó bá wa nìyẹn. Ìwé tí Fúnmi àti ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà, ìwé ń wí pé ìyá àgbà ni mí, èmi àti ọmọ sì ń wí pé ìyá ni mí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tún pe ẹlòmíràn. Wọ́n ní wọn kò fura sí mi o, pé àwọn tó ń jí ọmọ gbé ló sọ ayé dà báyìí. Mo ṣàlàyé ẹni tó bí ta, ẹni tó tọ́ ta. Wọ́n pe Fúnmi lórí fóònù, ó sọ tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi yanjú, àwọn ìdílé tó tò sẹ́yìn wa ti kó àwọn ìjókòó méjì-méjì tó kù tán.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí, àánú sì ṣe é lóòótọ́. "Bí ẹ bá wọ inú ọkọ̀, ẹ bẹ ẹnì kan kó bá yín pààrọ̀. Wọ́n á gbà."

Rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè

Ẹ bẹ ẹnì kan. Nínú ọkọ̀ Fájuyì, ta ni í bẹ ẹnikẹ́ni? Èèyàn á kàn ní, "Ẹ bá wa sún díẹ̀," gbogbo ìlà á sún, ẹni tí kò sì lè sún á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ọkàn yẹn ni mo gbé wọlé.

Ààrin àwọn méjì ni ìjókòó Àjọkẹ́ wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lójú fèrèsé tó fi nǹkan dí etí. Bàbá arúgbó kan, òyìnbó, orí rẹ̀ funfun báláú, wà níhà ọ̀nà, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sì wà láàárín orúnkún rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ bàbá náà. Eékún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.

Bàbá rò pé mo ṣubú ni. Ó di apá mi mú, ó ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ẹnì kan sáré gbé omi wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó fi yé wọn pé mo kàn ń kí àgbà ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan hàn mí tí kì í ká; ibi tó ti lè nà án ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi í sí. Bí ó tilẹ̀ gbà láti dìde, ojú mi kò ní gbà á. Èmi tí mo wá láti ilé tí a kì í ti í gbé àgbà dìde kí èèyàn tó jókòó!

Mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ṣí etí kan, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti yan ojú fèrèsé yìí, ó ní "sọ́rì", ó tún dí etí rẹ̀ padà. Kò bú mi o. Sọ́rì rẹ̀ dùn lẹ́tí, kò kàn yanjú nǹkan kan ni. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní kí n lọ jókòó, kí n so ìgbànú, pé bí ọkọ̀ bá fò tán òun á wo ohun tí òun lè ṣe.

Àárín àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ méjì ni ìjókòó mi wà, nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láti ibẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo lè rí lára Àjọkẹ́ ni ṣóńṣó rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè tí mo fi di irun rẹ̀ láàárọ̀. Rìbọ́ọ̀nù yẹn ni mo ń ṣọ́. Bó bá mì, màá na ọrùn. Mo fa rósárì mi yọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọmọ sọ ló ń dí àdúrà lọ́wọ́. Mo ń tò ó: màá bẹ̀rẹ̀ báyìí, màá sọ báyìí, bó bá ké, màá gbá a mọ́ra báyìí. Kò sí ẹni tí mo lè gbá mọ́ra nínú àwọn ọkùnrin méjì yẹn.

Oúnjẹ dé, ìrẹsì tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ata, àti búrẹ́dì tó le bí òkò. N kò lè jẹ ẹ́. Ta ni yóò bá ọmọ ṣí tirẹ̀? Mo dìde lọ yọjú títí àwọn ọkùnrin méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹni tí mi ò retí dé bá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ojú fèrèsé ni. Ó ní òun ti rí bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀, pé kí n máa lọ síbi òun, òun á wá jókòó síbi mi. Mo kí i, mo tún un kí, mo súre fún un ní èdè tí kò gbọ́. Mo gbé báàgì mi, ó di ọ̀dọ̀ Àjọkẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo bá níbẹ̀? Bàbá arúgbó na ìka sókè, ó ń kà á: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀fa..." Àjọkẹ́ káwọ́ lẹ́rán bí èmi gan-an nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni.

"Rárá, ẹ tún un wí. Ẹ̀rin ló kàn."

Ó rí mi, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tàn tó bí mo ti rò. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi yín. Mo ń kọ́ wọn níwèé. Bùọ̀dá yẹn náà wà ní kíláàsì mi, ṣé wọn ò ní pẹ́ dé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ọmọ kò ké, inú mi sì bàjẹ́ pé kò ké. Mo lè jókòó síbẹ̀ tipátipá, ta ni yóò lé mi? Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó, dandan ni kí n sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Ó dáa, tíṣà," mo sì yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ìgbànú níbi mi nígbà tó rí mi. Ó rò pé mo wá gbé ohun tí mo gbàgbé ni.

Ẹ kú ilé, Àǹtí

Fúnmi ti dúró dè wá lẹ́yìn irin, ẹ̀wù òtútù kékeré kan wà lápá rẹ̀ tó ti ṣí bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó ti rí wa ló gbọ̀nà abẹ́ irin náà kọjá, kò dúró yípo.

Ẹ ò lè sọ pé n kò kọ́ ọmọ mi níwà. Láàárín gbogbo èrò yẹn, lórí ilẹ̀ tó ń dán gbinrin, Àjọkẹ́ fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Àǹtí Fúnmi. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó dìde, ó sì fà sẹ́yìn ìró mi.

Fúnmi ti na ọwọ́ méjèèjì. Ó fi wọ́n sílẹ̀ nínà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lò wọ́n láti tún ẹ̀wù òtútù náà ká. "Káàbọ̀, ọmọ mi," ni ó wí. Ó wò mí lókè orí ọmọ. "Màámi, ẹ ò tíì sọ fún un."

"Wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀," ni mo wí. "Wọn ò jẹ́ ká jókòó pọ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà," ó sì gba báàgì lọ́wọ́ mi. Mo bímọ ọ̀hún, mo mọ̀ ọ́n. Bó bá tiẹ̀ bá mi jà, ì bá sàn jù.

Ìlú tí èèyàn ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà

Hull ni orúkọ ìlú tí wọ́n ń gbé, afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí gèlè dúró níbẹ̀. Ará ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò sí ẹni tí í yà sílé ẹnìkejì láìpè é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá kí wọn, wọ́n á dá ọ lóhùn, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ òjò kún un. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò káàárọ̀ bí ọmọ tí a bí ire. Gbogbo orí ló gbé sókè lórí fóònù, wọ́n ń wò bóyá mo fẹ́ wàásù ni. Àmọ́ nǹkan kan wù mí: bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, olúkúlùkù ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Àwa ńkọ́? Ìjà la fi ń sọ̀ kalẹ̀.

Ti oúnjẹ ni kí ẹ bá mi dárò. Odó kò sí, aládùúgbò kò sì ní gba ariwo. Ìyẹ̀fun iṣu inú páálí ni wọ́n ń rò lórí iná, tí wọ́n ń pè é ní iyán. Èmi, ọmọ Èkìtì! Mo jẹ ẹ́, mo sì dúpẹ́.

Tábìlì ìjẹun wọn ni n kò fẹ́ràn jù. Àjọkẹ́ ti fa àga rẹ̀ lẹ̀ mọ́ tèmi láti ọjọ́ tí a dé. Fúnmi jókòó sí iwájú wa, Káyọ̀dé sì máa ń wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Èmi nìkan ni Àjọkẹ́ ń jẹ́ kó gé ẹran fún òun. Bí Fúnmi bá bu nǹkan fún un, á ní, "Ẹ ṣé, mà," pẹ̀lú ìteríba. Ẹ wo bí ẹ̀kọ́ ilé ṣe lè dun èèyàn! Èmi ṣì ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀la kí n tó sọ ọ́, ọ̀la sì ń di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kan, bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ gbójú sókè. "Màmá, ìgbà wo la máa padà s'ulé? Mo fẹ́ lọ rí adìẹ mi."

Fúnmi dìde. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó ń fọ abọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti fọ̀ láàárọ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tèmi náà nìyẹn, mo sì jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí.

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ sí etí òkun. A gòkè. Ìjókòó méjì wà níwájú pátá, níbi tí gíláàsì ti tóbi. Àjọkẹ́ sáré bọ́ sí ọ̀kan, ó ń fọwọ́ lu èkejì: "Màmá, ibi yín rèé!"

Mo di irin mú. "Fúnmi, lọ jókòó síbẹ̀."

"Màámi?"

"Lọ jókòó ti ọmọ rẹ."

Èmi jókòó sẹ́yìn wọn. Rìbọ́ọ̀nù ìyeyè wà lójú mi gbangba lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Àjọkẹ́, ẹni tó jókòó tì ọ́ yẹn ló bí ọ. Inú rẹ̀ lo ti jáde. Èmi ni mo bí òun, òun ló bí ọ. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ títí òun á fi rí ilé, ó sì ti rí i. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo máa wà. Èmi á padà s'ulé."

Àjọkẹ́ yí padà, ó kúnlẹ̀ lórí ìjókòó, ó wò mí.

"Ṣé wọ́n tún pààrọ̀ ọkọ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún pààrọ̀ ọkọ̀."

"Wọ́n tún pín wa?"

"Wọ́n tún pín wa."

Ó rò ó. "Ta ló máa wá jókòó tì yín?"

Nínú gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ nínú bàálù, ìbéèrè yẹn kò sí níbẹ̀. Mo ní ẹnì kan á wà.

"Kó jẹ́ bàbá yẹn," ni Àjọkẹ́ wí. "Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kà dé ẹ̀wá."

Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ni ẹkún tó dé. Àwọn àgbà ní ọmọ tó káwọ́ sókè ló fẹ́ ká gbé òun. Èmi ló káwọ́ sí. Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò ẹ̀wù òtútù, mo sì dúró. Kò sí ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ṣe rí. Fúnmi ló gbé e. Àjọkẹ́ ta á nípàá, ó na ọwọ́ sí mi, nígbà tó ṣe ó rẹ̀ ẹ́, ó sì gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀.

Ilé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọkọ̀ tó gbé mi padà kò yí padà, wọ́n sì fi mí síbi tí ìwé mi wí gan-an. Àwọn ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo títí a fi balẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní mo ríre, pé kí n na ẹsẹ̀ mi. Bí wọ́n ti ní ká so ìgbànú, ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ lọ sí ìgbànú ìjókòó kejì.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi kúrò ní Fájuyì, ìyá ọlọ́mọ kan kó ẹrù wọlé. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ tàbí n kò fẹ́. "Màmá, ẹ bá mi gbé e," ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì ń to ẹrù. Mo gbé e dé Adébáyọ̀.

N kò tíì tú gèlè tí fóònù fi dún. Àjọkẹ́ ni. Kò kí mi, èyí tí n kò kọ́ ọ.

"Màmá, ta ló jókòó tì yín?"

Mo wo ilé. Àga kékeré rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Bàbá yẹn ni," ni mo wí. "Ó kí ọ. Ó kà á dé ẹ̀wá, kò ṣì í."

Mo gbọ́ tó ju fóònù sílẹ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré lọ sínú ilé wọn lọ́hùn-ún, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ké lókè réré:

"Mọ́mì! Mọ́mì o! Bàbá yẹn ló jókòó ti Màmá!"

Mo mú fóònù dání létí títí Fúnmi fi wá gbé e.